Páànù Tuntun Lára Mọ́tò Àtijọ́: Ìtàn Ara Mọ́tò MGB àti Ètò Àtúnṣe Rẹ̀

1. Ìfáàrà

Láàrin àwọn tí ń tún mọ́tò àtijọ́ ṣe, èrò kan gbilẹ̀ pé ohun tó ṣòro jù nínú iṣẹ́ náà ni rírí páànù tó bá mọ́tò mu. Wọ́n gbà pé bí ènìyàn bá ti lè rí páànù tí a fi mọ́ọ̀dù ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe mọ́tò náà tẹ̀, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ohun tó kù kò ju kí á yọ èyí tó ti jẹrà, kí á sì fi tuntun sí ààyè rẹ̀. Èrò yìí ni àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò, tó sì takò. Ohun tó fẹ́ fi hàn ni pé, ní ilé iṣẹ́ pàápàá, ọwọ́ ènìyàn ló ń mú kí páànù bá ara mu, kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ páànù ní láti mọ ètò tí wọ́n fi to mọ́tò náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ètò yìí wà nínú ara mọ́tò gẹ́gẹ́ bí ìtàn ṣe wà nínú oríkì: ẹni tó mọ̀ ọ́n ló lè tú u.

Mọ́tò MGB ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìdí mẹ́ta ló fà á. Èkíní, ó pọ̀: èyí tí wọ́n ṣe láàrin ọdún 1962 sí 1980 lé ní 500,000. Èkejì, ara rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí kò ní ṣáásì lọ́tọ̀, tó fi jẹ́ pé páànù ara rẹ̀ ló ń gbé ẹrù. Ẹ̀kẹta, àwọn mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ṣe é padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ tó ń tò ó ti kógbá sílé. Nítorí èyí, ó rọrùn láti fi í dán èrò tí a mẹ́nu bà lókè yìí wò.

Ó yẹ kí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣe kedere kí á tó tẹ̀síwájú. Nínú iṣẹ́ yìí, páànù dúró fún awẹ́ irin pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan tí a fi to ara mọ́tò: bọ́nẹ́ẹ̀tì, awọ ilẹ̀kùn, mọ́gáàdì tó bo táyà, àti páànù abẹ́ ilẹ̀kùn, èyí tó gùn láti ẹ̀yìn táyà iwájú dé iwájú táyà ẹ̀yìn.

2. Láti ọwọ́ oníṣọ̀nà dé ẹnu ẹ̀rọ

Àwọn tó kọ́kọ́ ń ṣe ara mọ́tò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn tó ti ń ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tẹ́lẹ̀. Igi ni wọ́n fi ń ṣe egungun rẹ̀, pàápàá igi líle kan tí wọ́n ń pè ní ash. Wọn a wá fi òòlù lu irin pẹlẹbẹ tàbí alumíníọ́mù títí yóò fi tẹ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́, wọn a sì kàn án mọ́ igi náà. Kò sí méjì tó dọ́gba délẹ̀délẹ̀ nínú irú páànù bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, kò sí ibi tí a ti lè ra òmíràn; oníṣọ̀nà ní láti jókòó ti mọ́tò náà gan-an, kí ó lu òmíràn tí yóò bá a mu. Ní àkókò yìí, títún páànù ṣe àti ṣíṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ kan náà, ọwọ́ kan náà ló sì ń ṣe méjèèjì.

Àyípadà bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Edward G. Budd dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Philadelphia ní ọdún 1912. Nígbà tí àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Dodge gbé mọ́tò tiwọn jáde ní ọdún 1914, irin látòkè délẹ̀ ni ara rẹ̀, ọ̀dọ̀ Budd ni wọ́n sì ti rí i. Ní ọdún 1926, William Morris àti Budd jọ lọ́wọ́ nínú dídá ilé iṣẹ́ Pressed Steel sílẹ̀ ní Cowley, lẹ́bàá ìlú Oxford. Níbẹ̀, ẹ̀rọ ńlá ló ń tẹ irin pẹlẹbẹ mọ́ àárín mọ́ọ̀dù méjì, tí páànù odindi yóò sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbà yìí ni páànù di ohun tí a lè tọ́jú pamọ́ kí á sì tà lọ́tọ̀. Páànù kan jọ èkejì, a sì lè mú un láti inú ilé ìkẹ́rù-sí lọ síbi tí mọ́tò tó nílò rẹ̀ wà. Níbí náà sì ni àṣìṣe tí iṣẹ́ yìí ń tako ti fìdí múlẹ̀. Àwọn ènìyàn rí i pé páànù jọra, wọ́n sì rò pé wọ́n dọ́gba. Ṣùgbọ́n irin tí a tẹ̀ máa ń fẹ́ padà díẹ̀ sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nígbà tí mọ́ọ̀dù bá tú u sílẹ̀. Mọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ a máa jẹ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i. Férémù tí wọ́n fi ń di páànù mú nígbà tí wọ́n bá ń jó wọn pọ̀ náà a sì máa yẹ̀ nígbà mìíràn.

Àwọn ilé iṣẹ́ mọ mọ́tò wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí iná bá ti so ara mọ́tò pọ̀ tán, àwọn oníṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn ni láti mú un bára mu. Wọ́n ń yọ́ òjé sójú ìsopọ̀, wọ́n sì ń fi ayùn irin rẹ́ ẹ títí yóò fi dán. Wọ́n ń so ilẹ̀kùn rọ̀, wọ́n ń wo àlàfo tó yí i ká, bí kò bá sì dọ́gba, wọn a fi òòlù onígi tàbí agbára apá tẹ̀ ẹ́ wá sí ààyè rẹ̀. Bí ara mọ́tò ti ń kúrò ní ilé iṣẹ́ nìyí: ẹ̀rọ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ ló parí rẹ̀. Páànù tí a tà lọ́tọ̀ kò tíì kọjá lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí. Ẹni tó rà á ni ìpín wọn kù sí lọ́wọ́.

3. Nígbà tí ara di egungun

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀tọ̀ ni ṣáásì, ọ̀tọ̀ ni ara. Ṣáásì ló ń gbé ẹ́ńjìnì, táyà àti èrò. Ara kàn jókòó lé e ni. Bí MGA tó ṣáájú MGB ṣe rí nìyí láti ọdún 1955 sí 1962. Irú ètò tó jọ èyí ló wà lára Volkswagen tí àwọn Yorùbá ń pè ní Ìjàpá, èyí tí ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Èkó ní ọdún 1975. Bóòtù ni wọ́n fi de mọ́gáàdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Ìjàpá. Bí ọ̀kan bá fọ́, a lè tú u kí á dè òmíràn láìjẹ́ pé ìdúró mọ́tò yí padà rárá.

Ọ̀nà kejì ni pé kí ara fúnra rẹ̀ jẹ́ egungun. Citroën gba ọ̀nà yìí ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1934 pẹ̀lú Traction Avant. Morris Minor tẹ̀ lé e ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1948. Nígbà tí MGB jáde ní ọdún 1962, irú ara yìí ni wọ́n fún un. Èyí mú kí ó le ju èyí tó rọ́pò lọ. Ṣùgbọ́n MGB tó kọ́kọ́ jáde kò ní òrùlé irin. Nínú mọ́tò tó ní òrùlé, òkè àti ìsàlẹ̀ ló jọ ń pín ẹrù. Nínú èyí tí kò ní, ìsàlẹ̀ nìkan ló kù. Páànù abẹ́ ilẹ̀kùn ló wá di òpó tó so iwájú mọ́tò mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Kì í ṣe irin kan ṣoṣo. Ìpele irin mélòó kan ni wọ́n jó pọ̀ láti fi ṣe àpótí gígùn: ọ̀kan níta tí ojú rí, ọ̀kan láàrin tó pín àpótí náà sí méjì, àti èyí tó wà nínú àti nísàlẹ̀ níbi tí pẹpẹ ilẹ̀ mọ́tò ti pàdé rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà tò ó ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ yìí. Àpótí abẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n kọ́kọ́ parí. Lẹ́yìn náà ni mọ́gáàdì ẹ̀yìn wá, tí iná jó o mọ́ ọn, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì bo orí àpótí náà. Mọ́gáàdì iwájú ló kẹ́yìn, bóòtù ni wọ́n sì fi dè é, tí òun náà sì bo apá iwájú àpótí kan náà. Páànù tó ṣe pàtàkì jù ni wọ́n fi páànù méjì mìíràn bò. Ojú ọ̀nà kò fi hàn pé ó gùn ju ibi tí ilẹ̀kùn mọ lọ.

4. Ìpẹtà, òfin, àti àtúnṣe ojú lásán

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Táyà iwájú a máa ta omi iyọ̀ àti ẹrẹ̀ sẹ́yìn, èyí a sì kó jọ lẹ́yìn mọ́gáàdì iwájú, lórí ìbẹ̀rẹ̀ àpótí abẹ́ ilẹ̀kùn gan-an. Àwọn àgbà ní ibi tí a bá fi iyọ̀ sí ló ń somi sí. Láti inú ni àpótí náà ti ń dípẹtà, níbi tí ọ̀dà kò dé. Nígbà tí ihò bá fi máa yọ síta, irin àárín ti lè tán.

Òfin ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di kàn-ń-pá. Ní ọdún 1960, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ọdọọdún fún mọ́tò tó bá ti pé ọdún 10, tí wọ́n ń pè ní MOT. Ní ọdún 1967, wọ́n sọ iye ọdún náà di 3. Búrẹ́kì, iná àti ìtọ́kọ̀ ni àyẹ̀wò náà dá lé lórí níbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1977, wọ́n fi ipò tí ara àti ṣáásì mọ́tò wà kún un. Láti ìgbà náà, ihò lára páànù abẹ́ ilẹ̀kùn kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹwà lásán. Ó di ohun tó lè gba mọ́tò kúrò lójú títì.

Àwọn kan wá ojútùú tó yá, tó sì pọ́ọ́kú. Wọ́n ń jó páànù tuntun bo èyí tó ti jẹrà mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń kùn ún. Lójú, mọ́tò ti bọ́ sípò. Ṣùgbọ́n ìpẹtà ṣì ń jẹun lábẹ́, ibi tí iná jó irin tuntun mọ́ kì í sì í ṣe irin gidi mọ́. Nínú mọ́tò tó ní ṣáásì, irú ẹ̀tàn yìí a ba ẹwà jẹ́. Nínú MGB, ẹ̀mí ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ ló wà nínú ewu, nítorí òpó tó yẹ kó dúró bí ìkọlù bá ṣẹlẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí ètò pípààrọ̀ fi tó ohun tí à ń jíròrò lórí rẹ̀.

5. Ètò pípààrọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí a kà sẹ́yìn

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é bó ti yẹ ní láti tú ètò ilé iṣẹ́ láti ìparí dé ìbẹ̀rẹ̀. Mọ́gáàdì iwájú tó kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà ni yóò gé ìsàlẹ̀ mọ́gáàdì ẹ̀yìn, kí orí àpótí náà lè hàn. Ìgbà yìí ni yóò tó mọ bí ìpẹtà ṣe rìn jìnnà tó. Ẹni tó gé páànù abẹ́ ilẹ̀kùn níbi tí mọ́gáàdì ti pàdé rẹ̀ nìkan, tó sì fi tuntun sáàárín, ti fi ìpìlẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ láìwò.

Kí ayùn tó kan irin, mọ́tò ní láti dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ìwọ̀n rẹ̀ sì wà níbi tí táyà ti ń gbé e. Bí a bá fi jáàkì gbé e láàrin, iwájú àti ẹ̀yìn yóò rọ̀ sílẹ̀. Bí iná bá so páànù tuntun pọ̀ nígbà tí ó wà bẹ́ẹ̀, ó ti gan títí láé nìyẹn, ilẹ̀kùn kò sì ní padé mọ́. A óò jó ọ̀pá irin kọjá ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ihò náà má baà fẹ̀ tàbí kí ó fún. A óò wọn àlàfo láti igun sí igun, a óò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ni a óò ṣe parí kí á tó fọwọ́ kan èkejì, kí ẹ̀gbẹ́ tó ṣẹ́kù lè di ara mú.

Lẹ́yìn èyí ni ibi tí sùúrù ti ń ṣiṣẹ́ jù. Páànù tuntun kì í gba iná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A óò kọ́kọ́ fi àgbámú tàbí ìdè kékeré di í mú. A óò dá mọ́gáàdì iwájú padà sí ààyè rẹ̀, a óò so ilẹ̀kùn rọ̀ pẹ̀lú àgádágodo rẹ̀, a óò sì ti ilẹ̀kùn náà. Ojú yóò wá wo àlàfo: láàrin ilẹ̀kùn àti mọ́gáàdì iwájú, láàrin ilẹ̀kùn àti mọ́gáàdì ẹ̀yìn, àti lórí páànù abẹ́ ilẹ̀kùn. Bí àlàfo bá gbòòrò lókè, tó sì fún nísàlẹ̀, ara ti rọ̀ sílẹ̀ ní ibì kan. A óò tú gbogbo rẹ̀, a óò sún un, a óò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ó lè gbà tó ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tí ilẹ̀kùn bá padé láìsí ìjàkadì ni a óò tó jó o, ní díẹ̀díẹ̀, láti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn, kí ooru má baà ká irin kò. Ní ilé iṣẹ́, ẹ̀rọ ló ń fún irin méjì pọ̀ tí iná mànàmáná sì ń lẹ̀ wọ́n lójú kan. Oníṣẹ́ tí kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ a lu ihò kéékèèké sí páànù òkè, a sì jó o dí láti inú ihò náà. Ohun tó gbẹ̀yìn ni ọ̀dà àti epo dídì tí a óò fọ́n sínú àpótí, níbi tí ilé iṣẹ́ kò ti kùn ún dáadáa.

Bí a bá fi ètò yìí wé èyí tí a ṣàlàyé ní ìpín kejì, a óò rí i pé ìṣesí àwọn oníṣẹ́ ilé iṣẹ́ gan-an ló padà wá: síso ilẹ̀kùn, wíwo àlàfo, fífi ọwọ́ parí ohun tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fo ìpele yìí kò fi àkókò pamọ́. Ó kàn yọ oníṣẹ́ kan kúrò lórí ìlà ni.

6. Mọ́ọ̀dù tó pẹ́ ju ilé iṣẹ́ rẹ̀ lọ

Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1980, wọ́n ti ilé iṣẹ́ MG ní Abingdon. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1975, British Leyland tó ni MG nígbà náà ti dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní British Motor Heritage láti máa bójú tó ohun ìní ìtàn àti ẹ̀yà mọ́tò rẹ̀ àtijọ́. Ẹ̀ka yìí ló ṣa àwọn mọ́ọ̀dù MGB jọ. Ní ọdún 1988, ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ páànù pẹ̀lú wọn, ó sì ń to odindi ara MGB tuntun ní Faringdon. Ẹni tí ara mọ́tò rẹ̀ ti jẹrà kọjá àtúnṣe lè ra ara tuntun, kí ó sì kó ẹ́ńjìnì àti ẹsẹ̀ ti àtijọ́ sínú rẹ̀. Ara yìí dúró dáadáa débi pé nígbà tí ilé iṣẹ́ Rover gbé MG RV8 jáde ní ìpẹ̀kun ọdún 1992, orí irú ara Heritage ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n sì ṣe nǹkan bí 2,000 kí ó tó dáwọ́ dúró ní ọdún 1995.

Àwọn kan lè sọ pé èyí já àríyànjiyàn iṣẹ́ yìí ní koro: mọ́ọ̀dù padà, mọ́tò sì padà. Òdìkejì rẹ̀ ni ẹ̀rí náà fi hàn. Mọ́ọ̀dù ń tẹ páànù. Kò lè to ara. Kí odindi ara tó lè jáde ní ọdún 1988, ó pọn dandan kí férémù ìdìmú wà, kí ètò ìtòpọ̀ wà, kí àwọn tó mọ̀ bí a ti ń mú ilẹ̀kùn bá ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mu sì wà nídìí rẹ̀. Bí irin mọ́ọ̀dù nìkan bá tó, a kò bá máa ta páànù nìkan, kí oníkálùkù sì lọ tò ó bó ṣe wù ú. Ohun tó mú kí odindi ara níye lórí ju àkójọ páànù rẹ̀ lọ ni ìmọ̀ tó wà nínú ìtòpọ̀ rẹ̀.

7. Ṣé mọ́tò kan náà ni?

Ìbéèrè kan ṣẹ́kù. Bí a bá ti pààrọ̀ páànù abẹ́ ilẹ̀kùn, mọ́gáàdì àti pẹpẹ ilẹ̀, tàbí odindi ara, ṣé mọ́tò àná náà ló ṣì jẹ́? Àwọn kan dáhùn pé rárá, wọ́n sì ka gbogbo irin tuntun sí ìpàdánù. Ilé iṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀, DVLA, dáhùn lọ́nà mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n fún ẹ̀yà mọ́tò ní máàkì: 5 fún ṣáásì tàbí ara tó ń ṣe egungun, 2 fún ìtọ́kọ̀, 1 péré fún ẹ́ńjìnì. Mọ́tò tí a tún tò ní láti ní ó kéré tán 8 kí ó tó lè pa nọ́ńbà rẹ̀ mọ́. Ara tuntun tí kò yàtọ̀ sí ti ìṣáájú, tí ẹ̀rí rírà rẹ̀ wà, lè gba 5 náà. Ìjọba gbà nípa èyí pé irin lè jẹ́ tuntun, kí orúkọ sì jẹ́ ti àtijọ́, bí ìrísí àti ètò bá ṣe déédéé.

Ẹgbẹ́ FIVA, tó ń ṣojú fún àwọn tó ní mọ́tò àtijọ́ káàkiri àgbáyé, ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú Ìwé Àdéhùn Turin tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2012, wọ́n fi títọ́jú ohun tó wà ṣáájú pípààrọ̀ rẹ̀, wọ́n sì dámọ̀ràn pé kí ẹ̀yà tí a bá pààrọ̀ ní àmì tí a ó fi dá a mọ̀. Ìpìlẹ̀ àmọ̀ràn yìí ni òtítọ́: kí irin tuntun má ṣe pe ara rẹ̀ ní àtijọ́.

Ìhà méjèèjì ní ẹ̀tọ́ tiwọn, ṣùgbọ́n wọ́n fi irin nìkan ṣe òṣùwọ̀n. MGB tí a jó páànù bo ìpẹtà rẹ̀ ní irin àtijọ́ púpọ̀ nínú, síbẹ̀ kò ní agbára tí àwọn tó ṣe é fi sí i mọ́. Èyí tí a tú, tí a sì tò padà ní ètò tí ilé iṣẹ́ gbà, tí àkọsílẹ̀ àtúnṣe rẹ̀ sì wà, lè ní irin tuntun púpọ̀, síbẹ̀ ó ń ṣe ohun tí wọ́n ṣe é fún. Bí a bá ń wá èyí tó súnmọ́ mọ́tò ọdún 1962 jù nínú méjèèjì, èyí ẹ̀yìn ni.

8. Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìgbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí tẹ páànù ni páànù di ohun tí a lè tà lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n pé ọwọ́ oníṣẹ́ kò fi ìgbà kankan kúrò nínú mímú un bára mu. Ó ti fi hàn pé nígbà tí ara di egungun, àṣìṣe nínú pípààrọ̀ kúrò ní ti ẹwà, ó di ti ẹ̀mí. Àti pé ìpadàbọ̀ mọ́ọ̀dù ní ọdún 1988 kò sọ ìmọ̀ ìtòpọ̀ di aláìwúlò, bí kò ṣe pé ó gbé e yọ. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń kọ ìtàn iṣẹ́ ọwọ́ ni pé kí ó má ṣe ka irinṣẹ́ àti ọjà nìkan. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan náà, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Páànù ni a lè kó pamọ́ sínú ilé ìkẹ́rù-sí. Ọ̀nà tí a fi ń mú un bá ara mu kò ní ibòmíràn tó ń gbé ju ọwọ́ àwọn tó ń ṣe é lọ, bí a kò bá sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n wà, mọ́ọ̀dù nìkan ni yóò kù.